Àká Tí Olùtọ́jú Rẹ̀ Pa Tì: Bí RPM Ṣe Kúrò Lọ́dọ̀ Berkeley DB

Bí ènìyàn bá wọ ilé ìkẹ́rùsí ńlá kan, ẹrù tí ó kún inú rẹ̀ bámúbámú ni ojú rẹ̀ yóò kọ́kọ́ bà lé. Ṣùgbọ́n ìwé ẹrù ni ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà yóò kọ́kọ́ béèrè. Inú ìwé yìí ni a kọ ọ́ sí pé ẹrù báyìí wọlé ní ọjọ́ báyìí, pé igun báyìí ni ó wà, àti pé ẹrù mìíràn gbára lé e, kí ẹnikẹ́ni má baà gbé e jáde láìrò ó. Bí ìwé náà bá bàjẹ́, ẹrù kò sọnù, síbẹ̀ kò sí ẹni tí yóò lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé ohun báyìí wà nílé tàbí pé kò sí. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ wà nínú kọ̀ǹpútà pẹ̀lú. Ọ̀kan nínú wọn ni àròkọ yìí dá lé lórí: bí a ṣe dá a sílẹ̀ fún ìlò gbogbo ayé, bí ó ṣe bọ́ sọ́wọ́ olówó, bí olùtọ́jú rẹ̀ ṣe kẹ̀yìn sí ẹ̀dà tí àwọn ènìyàn ń lò, àti bí àwọn tí wọ́n ti gbára lé e fún ogún ọdún ṣe yọ òpó náà kúrò lábẹ́ ilé láìjẹ́ kí ilé wó.

RPM ni orúkọ ètò kọ̀ǹpútà tí ó ni ìwé ẹrù náà. Marc Ewing àti Erik Troan ni wọ́n kọ ọ́ ní ilé-iṣẹ́ Red Hat ní Amẹ́ríkà, ó sì jáde pẹ̀lú Red Hat Linux ní ọdún 1995. Linux tí ó wà lórí kọ̀ǹpútà kan kì í ṣe ohun kan ṣoṣo. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ètò ni ó para pọ̀ di odidi, oríṣiríṣi ènìyàn ni ó sì kọ wọ́n, lábẹ́ àdéhùn pé kóòdù orísun wọn yóò wà ní gbangba, kí ẹni tí ó bá fẹ́ lè kà á, kí ó tún un ṣe, kí ó sì fún ẹlòmíràn. Iṣẹ́ RPM ni láti di ètò kọ̀ọ̀kan ní àdìpọ̀, láti tú àdìpọ̀ náà sórí kọ̀ǹpútà, àti láti kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ti ṣe bẹ́ẹ̀. Orúkọ àdìpọ̀, ẹ̀dà rẹ̀, gbogbo fáìlì tí ó mú wá, àti àwọn àdìpọ̀ tí kò lè ṣe kó má ní, gbogbo rẹ̀ ni ó ń kọ sílẹ̀. Bí alábòójútó kọ̀ǹpútà bá fẹ́ dí ihò kan tí olè lè gbà wọlé, àkọsílẹ̀ yìí ni RPM yóò kọ́kọ́ ṣí wò. Bí kò bá ṣeé ṣí, àtúnṣe kò ní wọlé, ihò náà yóò sì wà níbẹ̀.

Àkọsílẹ̀ tí a tò lọ́nà báyìí ni àwọn onímọ̀ ń pè ní dátábéèsì, èyí tí a ó máa pè ní àká níhìn-ín. Àká kan wà tí ó dá dúró bí ilé báńkì: ẹni tí ó bá fẹ́ nǹkan níbẹ̀ yóò fi ìbéèrè ránṣẹ́, akọ̀wé inú rẹ̀ yóò sì bá a mú un wá. Òmíràn sì wà tí a rán mọ́ ètò tí ń lò ó, gẹ́gẹ́ bí a ti ń rán àpò mọ́ agbádá. Kò ní akọ̀wé, kò ní ẹnu-ọ̀nà tirẹ̀. Ibi tí agbádá bá lọ ni òun náà ń bá a lọ. Irú kejì yìí ni ó bá RPM mu, nítorí pé RPM gbọ́dọ̀ lè ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń to nǹkan sí, tí kò ì tíì ní akọ̀wé kankan. Àpò tí ó rán mọ́ra ni Berkeley DB.

Bí Àká Náà Ṣe Bẹ̀rẹ̀

Ní ọdún 1979, Ken Thompson ti Bell Labs, tí í ṣe ilé ìwádìí AT&T, fi àká kékeré kan tí ń jẹ́ dbm sínú Unix. Àwọn ará Yunifásítì Kalifóníà ní Berkeley, tí wọ́n ń ṣe Unix tiwọn, tún un ṣe, wọ́n sì pè é ní ndbm. Ṣùgbọ́n ọwọ́ AT&T ṣì wà nínú rẹ̀; ẹni tí kò bá gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ AT&T kò lè lò ó. Nígbà tí ó fi máa di òpin àwọn ọdún 1980, Keith Bostic àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Berkeley ti pinnu láti yọ gbogbo kóòdù AT&T kúrò, kí wọ́n fi èyí tí a kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dípò rẹ̀. Àká náà wà lára ohun tí ó gbọ́dọ̀ lọ. Margo Seltzer, tí ó ń kẹ́kọ̀ọ́ oyè ọ̀mọ̀wé ní Berkeley nígbà náà, àti Ozan Yigit ni wọ́n kọ apá kan nínú tuntun, wọ́n sì ka ìwé nípa rẹ̀ ní ìpàdé USENIX ti ọdún 1991. Mike Olson náà kópa nínú apá kejì. Bí Berkeley DB ṣe dé ayé nìyẹn. Ẹni tí ó bá ń ka ìtàn yìí lọ yóò ṣe dáadáa bí ó bá fi í sọ́kàn pé àká tí a wá rọ́pò lẹ́yìn náà, òun pàápàá ni a dá sílẹ̀ láti rọ́pò òmíràn, ọ̀ràn ìwé àṣẹ ni ó sì fà á lẹ́ẹ̀kínní gẹ́gẹ́ bí ó ti fà á lẹ́ẹ̀kejì.

Ní ọdún 1996, ilé-iṣẹ́ Netscape fẹ́ lo àká náà, ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ kí a fi agbára kún un. Seltzer àti Bostic dá ilé-iṣẹ́ Sleepycat Software sílẹ̀ láti ṣe iṣẹ́ náà. Ìwé àṣẹ wọn mọ́gbọ́n dání. Ẹni tí kóòdù ètò tirẹ̀ bá wà ní gbangba kò ní san kọ́bọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ pa kóòdù tirẹ̀ mọ́ yóò sanwó, owó yìí ni a sì fi ń tọ́jú àká náà fún tọ̀tún tòsì. Ètò náà dára fún ọdún mẹ́wàá gbáko. Nígbà tí RPM ẹ̀dà 4.0 jáde ní ọdún 2000, Berkeley DB ẹ̀dà kẹta ni ó ń lò. OpenLDAP lò ó, Subversion lò ó, nígbà tí Bitcoin sì dé ní ọdún 2009, inú rẹ̀ ni a ń kó kọ́kọ́rọ́ owó pamọ́ sí.

Ìwé Àṣẹ Tuntun

Ní oṣù kejì ọdún 2006, Oracle ra Sleepycat. Oracle kì í ṣe ọmọdé nínú òwò àká. Láti òpin àwọn ọdún 1970 ni ó ti ń ta àká ńláńlá fún ilé-iṣẹ́ àti ìjọba. Ẹni tí ó ni ẹrú ni ó ni ẹrù, nítorí náà àṣẹ lórí Berkeley DB di tirẹ̀. Nǹkan kò yí padà lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀dà tuntun ń jáde, àtúnṣe ń wọlé, kò sì sí ẹni tí ó ráhùn.

Ọdún 2013 ni ọ̀rọ̀ di méjì. Ẹ̀dà 6.0 jáde lábẹ́ ìwé àṣẹ mìíràn, èyí tí ń jẹ́ AGPL ẹ̀dà kẹta. Ìwé àṣẹ yìí fúnra rẹ̀ kò burú. Ẹgbẹ́ Free Software Foundation ni ó kọ ọ́, ohun tí ó sì ń béèrè ni pé bí ẹnìkan bá tún ètò kan ṣe, tí ó sì jẹ́ kí àwọn ẹlòmíràn máa lò ó láti ọ̀nà jíjìn, kí ó fún wọn ní kóòdù rẹ̀. Ṣùgbọ́n àpò tí a rán mọ́ agbádá kì í dá lófin lọ́tọ̀. Òfin àpò a máa ran agbádá. Ọ̀pọ̀ ètò ni ó so mọ́ RPM, ìwé àṣẹ wọn kò sì rí bákan náà. Èyí tí ó wà lábẹ́ GPL ẹ̀dà kejì nìkan, fún àpẹẹrẹ, kò lè bá AGPL ẹ̀dà kẹta gbé inú ilé kan náà.

Ìdí nìyí tí àwọn tí ń kó Linux jọ fún ará ayé, àwọn bíi Fedora àti Debian, fi dúró sórí ẹ̀dà 5.3 tí í ṣe ti ìwé àṣẹ àtijọ́. Oracle ń bá tirẹ̀ lọ síwájú, ẹ̀dà 5.3 wà lẹ́yìn bí ọmọ tí òbí rẹ̀ kó lọ sí ìlú mìíràn. Kò kú, kò sì sí ẹni tí ń tọ́ ọ. Bí àléébù bá hàn nínú rẹ̀, olúkúlùkù a lẹ àbùlẹ̀ tirẹ̀ mọ́ ọn. Ohun tí a lẹ mọ́ aṣọ Debian kò jẹ́ dandan kí ó wà lára aṣọ Fedora.

Àwọn kan di gbogbo ẹ̀bi náà ru Oracle. Ó dàbí ẹni pé ẹrù náà pọ̀ jù fún un. Oracle kò gba ẹ̀dà àtijọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ìwé àṣẹ àtijọ́ sì gbà kí ẹni tí ó bá lágbára máa tọ́jú rẹ̀ nìṣó. Ṣùgbọ́n àká tí a ti fi owó àwọn ilé-iṣẹ́ kọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún ti tóbi ju ohun tí ẹni tí ń lò ó lọ́fẹ̀ẹ́ lè gbé nìkan. Ìbéèrè tí ó yẹ kí a bi ni bí àwọn tí wọ́n rí ikán ní ìdí òpó ní ọdún 2013 ṣe fara rọ̀ ọ́ títí di ọdún 2020.

Oògùn Tí Gbogbo Ènìyàn Mọ̀

Ká sọ tòótọ́, ikán ti ń jẹ òpó náà kí ìwé àṣẹ tó yí padà. Berkeley DB ní ọgbọ́n kan tí ó fi jẹ́ pé bí a bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, iṣẹ́ náà yóò parí pátápátá, tàbí kí ó dàbí ẹni pé a kò bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ rárá. RPM kò lo ọgbọ́n yìí. Nítorí náà, bí iná mànàmáná bá lọ nígbà tí ó ń kọ̀wé lọ́wọ́, apá kan àkọsílẹ̀ lè sọ pé àdìpọ̀ kan ti wọlé, kí apá kejì sọ pé kò sí níbẹ̀, kò sì sí ohun tí yóò ta ẹnikẹ́ni lólobó pé àwọn méjèèjì kò bára mu.

Ẹ̀wẹ̀, àwọn fáìlì kéékèèké kan wà tí orúkọ wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú __db. Àwọn ni àká náà fi ń mọ ẹni tí ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí láti ṣiṣẹ́. Bí ètò tí ó ti ilẹ̀kùn bá kú lójijì, ilẹ̀kùn náà yóò wà ní títì, ẹni tí ó bá sì dé lẹ́yìn rẹ̀ yóò dúró, dúró, títí tí yóò fi sú u. Àwọn alábòójútó kọ̀ǹpútà mọ oògùn rẹ̀ lórí: kí a pa gbogbo fáìlì __db rẹ́, kí a sì pàṣẹ rpm --rebuilddb, èyí tí yóò mú kí RPM tún àkọsílẹ̀ rẹ̀ tò láti ìbẹ̀rẹ̀. Oògùn yìí di àṣà. Àgbà iṣẹ́ a kọ́ ọmọ iṣẹ́, ọmọ iṣẹ́ a sì lò ó láìbéèrè ohun tí ń fa àrùn. Bóyá èyí wà lára ohun tí ó mú kí àtúnṣe pẹ́: àrùn tí a mọ egbòogi rẹ̀ kì í tètè ba ènìyàn lẹ́rù.

Àwọn Tí A Yẹ̀ Wò

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, àwọn tí wọ́n ń tọ́jú RPM kò sì tọ ọ̀nà kan ṣoṣo. Wọ́n gbìyànjú LMDB, àká tí ẹgbẹ́ OpenLDAP ṣe fún ara wọn nígbà tí Berkeley DB sú wọn. Wọn kò bá a lọ jìnnà. Nígbà tí ó di ẹ̀dà 4.16, wọ́n ti yọ ọ́ kúrò. Èkejì ni ndb. Èyí kì í ṣe ohun tí a yá; ilé-iṣẹ́ SUSE ní Jámánì ni ó ti wá, inú kóòdù RPM gan-an ni a sì kọ ọ́ sí, ó kéré, kò sì ní ohun tí RPM kò nílò. openSUSE Tumbleweed yan èyí. Ẹ̀kẹta ni SQLite.

Ìtàn SQLite yẹ kí a dúró lé lórí díẹ̀. Ní ọdún 2000, D. Richard Hipp ń bá iṣẹ́ kan lọ fún ọkọ̀ ojú omi ogun Amẹ́ríkà. Ètò tí ó ń kọ gbára lé àká onílé-báńkì. Bí àká náà bá dákú, ètò tirẹ̀ kò lè ṣe ohunkóhun, ojú ètò tirẹ̀ ni àwọn tí ń lò ó sì ń rí àìṣedéédé náà. Ó wá rò ó pé kí ni a nílò akọ̀wé fún, nígbà tí ètò lè ṣí fáìlì fúnra rẹ̀ kí ó kà á. Ẹ̀dà kìíní SQLite jáde ní oṣù kẹjọ ọdún náà. Orí àká mìíràn tí ń jẹ́ gdbm ni ó jókòó lé. Ní ọdún 2001, Hipp yọ gdbm kúrò, ó kọ tirẹ̀ dípò. SQLite náà ti la ọ̀nà tí RPM ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tọ̀ kọjá.

Ohun tí ó yà á sọ́tọ̀ ni pé kò ní ìwé àṣẹ. Àwọn tí wọ́n kọ ọ́ fi í sílẹ̀ fún gbogbo ayé bí omi odò, wọn kò fi ẹ̀tọ́ kankan sílẹ̀ fún ara wọn, nítorí náà kò sí ẹni tí a lè ra ilé rẹ̀ kí a sì yí àdéhùn padà lórí èyí tí ó ti jáde. Ó wà nínú fóònù Android àti ti iPhone, ó wà nínú àwọn ètò tí a fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn olùtọ́jú rẹ̀ sì ti ṣèlérí láti máa tọ́jú rẹ̀ títí di ọdún 2050. Oracle pàápàá, nígbà tí ó ń ṣe ẹ̀dà 5.0 Berkeley DB ní ọdún 2010, mú SQLite, ó gbé e lé orí àká tirẹ̀, kí àwọn tí ó mọ èdè SQL lè bá a sọ̀rọ̀.

Kò túmọ̀ sí pé SQLite kò ní ibi tí a ti lè ta ko ó. Ènìyàn díẹ̀ ni ó ń tọ́jú rẹ̀, wọn kì í sì í sábà gba kóòdù lọ́wọ́ ará ìta. Kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ibi iṣẹ́ rẹ̀ wà ní títì. Ẹni tí ó yan ndb lè sọ pé oko tí a bá fi ọwọ́ ara wa ro ni a mọ ààlà rẹ̀. Ẹni tí ó yan SQLite lè fèsì pé oko tí gbogbo ayé ń jẹ nínú rẹ̀ kò ní ṣàìrí ẹni ro ó. Àwọn méjèèjì ní ẹ̀rí tiwọn. RPM kò dá wọn lẹ́jọ́. Ó jẹ́ kí olúkúlùkù yan èyí tí ó wù ú.

Olùkà Tí Kì Í Kọ̀wé

Yíyan tuntun kọ́ ni ó ṣòro jù, fífi ti àtijọ́ sílẹ̀ ni. Ìwé ẹrù kì í ní ọjọ́ ìsinmi. Nígbà tí kọ̀ǹpútà kan bá ń kúrò lórí Fedora àtijọ́ bọ́ sórí tuntun, RPM àtijọ́ ni ó ń gbé RPM tuntun wọlé, inú ìwé àtijọ́ ni ó sì ń kọ ọ́ sí bí ó ti ń ṣe é. Ó dàbí akọ̀wé tí a ní kí ó kọ ìfẹ̀yìntì ara rẹ̀ sínú ìwé tí òun yóò pa dé. Bí a bá yọ Berkeley DB kúrò pátápátá, ta ni yóò ka ìwé náà fún akọ̀wé tuntun? Ọ̀pọ̀lọpọ̀ àkọsílẹ̀ ni ó sì wà lórí dísíìkì tí a ti pa mọ́, tí ẹnìkan lè ṣí lọ́jọ́ kan láti mọ ohun tí ó wà níbẹ̀.

Ìdáhùn tí wọ́n rí kéré, ó sì dára. Wọ́n kọ olùkà kan tí ń jẹ́ bdb_ro. Kò lo ohunkóhun nínú kóòdù Oracle. Ó ṣí fáìlì àtijọ́ fúnra rẹ̀, ó mọ bí a ṣe to inú rẹ̀, ó sì ń kà á. Kò mọ̀wé kọ síbẹ̀ rárá, èyí ni ó jẹ́ kí ó rọrùn: kò ní ilẹ̀kùn láti tì, kò ní fáìlì __db láti ṣọ́, kò sì lè ba ohunkóhun jẹ́. Fáìlì kan tí ń jẹ́ Packages ni gbogbo àlàyé àdìpọ̀ wà nínú rẹ̀ pátápátá. Atọ́ka lásán ni àwọn fáìlì yòókù, a sì lè tún wọn tò láti inú rẹ̀. Ẹni tí ó bá lè ka Packages ti gba gbogbo ogún náà.

RPM ẹ̀dà 4.16 jáde ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2020. Ó gbé SQLite àti olùkà náà dé, ó sì kéde pé ọjọ́ Berkeley DB ti ń pé. Fedora 33 tí ó jáde ní ọjọ́ 27 oṣù kẹwàá ọdún náà ni ó kọ́kọ́ sọ SQLite di ohun tí ń bẹ níbẹ̀ láìbéèrè. Lórí kọ̀ǹpútà tí ó wá láti orí Fedora àtijọ́, a fi ìyípadà náà di ìgbà tí a bá pa kọ̀ǹpútà tí a sì tún tan án. Nígbà náà, kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, RPM yóò ka ìwé àtijọ́ tán, yóò kọ ọ́ sínú fáìlì tuntun kan ṣoṣo tí ń jẹ́ rpmdb.sqlite, yóò sì pa àtijọ́ tì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀. Ní ọdún 2021, ẹ̀dà 4.17 yọ ọwọ́ tí RPM fi ń kọ̀wé sí Berkeley DB kúrò, ó fi ojú tí ó fi ń kà á sílẹ̀.

Àwọn mìíràn gba ọ̀nà kan náà ní àkókò tiwọn. Subversion ti tètè lọ: ní ọdún 2005 ni ó ti fi àká tí ó ṣe fúnra rẹ̀ ṣáájú. OpenLDAP ẹ̀dà 2.5 yọ Berkeley DB kúrò ní ọdún 2021. Bitcoin Core ni ó lọ́ra jù, ẹni tí ó bá sì ro ohun tí ó wà nínú àká náà kò ní bá a wí. Kọ́kọ́rọ́ owó ni. Ẹni tí kò bá lè ṣí fáìlì rẹ̀ mọ́ ti pàdánù owó rẹ̀ nìyẹn, kò sí báńkì tí yóò lọ bẹ̀. Ní ọdún 2021 ni SQLite dé ibẹ̀, fún àpò owó tuntun. Ní ọdún 2024 ni àwọn náà kọ olùkà tiwọn, tí ó ń ka Berkeley DB láìlo kóòdù rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí RPM ti ṣe. Ìgbà tí èyí wà ní ọwọ́ wọn ni wọ́n tó fi ẹ̀dà 30.0 ti ọdún 2025 yọ àká àtijọ́ kúrò. Ẹni tí ó bá gbé àpò owó àtijọ́ dé, olùkà yóò bá a kó o sínú tuntun.

Berkeley DB kò tíì kúrò nílẹ̀ tán. Red Hat Enterprise Linux 9, tí ó jáde ní oṣù karùn-ún ọdún 2022, ń lo SQLite, ṣùgbọ́n ẹ̀dà 8 tí ó ṣáájú rẹ̀ ṣì ń kọ ìwé ẹrù rẹ̀ sínú Berkeley DB ẹ̀dà 5.3. Red Hat ti ṣèlérí láti máa tọ́jú ẹ̀dà 8 yìí títí di òpin oṣù karùn-ún ọdún 2029. Títí di ọjọ́ náà, àbùlẹ̀ tí ẹ̀dà 5.3 bá nílò lórí àwọn kọ̀ǹpútà wọ̀nyẹn, ọwọ́ Red Hat ni yóò ti máa wá.